Àgbẹ́nàgbẹ́nà Ṣe Tirẹ̀ Tán

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni a ń bá bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè lónìí kí n sọ̀rọ̀ nípa pákó, ìṣó àti táyà. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

Ní àgbàlá ilé wa ní Sẹ̀mẹ̀, lẹ́bàá ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti parí tí ti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, ahéré kékeré kan wà tí a fi pákó kàn, tí ó dúró lórí táyà méjì. Ọkọ̀ kékeré lè fà á. Ènìyàn méjì lè nà tàntàn sínú rẹ̀, ibi ìdáná kékeré sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níta. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kan irú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn láti bí ọdún 1930 síwájú, wọ́n sì ń fi í ṣe ìrìn àjò ìgbafẹ́. Èmi kò kàn án fún ìgbafẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ná ọjà kan tí ó jìnnà, tí ó máa ń mú un sùn síta lábẹ́ àtíbàbà, òun àti ẹrù rẹ̀, nínú òtútù àti ẹ̀fọn. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dáwọ́ lé e.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ èrò mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ òyìnbó ni mo fẹ́ ṣe. Mo bi í léèrè pé, ta ni ó kan bọ̀lẹ́kájà?

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti egungun irin ni wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ti Bedford. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń kan ìyókù: ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òrùlé rẹ̀, àti àwọn àga gbọọrọ tí èrò ń jókòó lé, tí orúnkún fi ń gbá orúnkún. Akunlé a sì wá kọ ọ̀rọ̀ ìṣítí sí iwájú rẹ̀. Ilé onípákó tí ó ń sáré lójú títì ni bọ̀lẹ́kájà. Ó kó ènìyàn, ó kó ewúrẹ́, ó kó iṣu àti kòkó, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní iṣẹ́ òyìnbó. Ẹnu àwọn èrò ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, láti inú ìjà tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń jà lórí èrò: bọ́ sílẹ̀ kí á jà! Orúkọ náà rìn jìnnà débi pé nígbà tí Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwé wọn jáde ní ọdún 1980 lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, alárìíwísí bọ̀lẹ́kájà ni wọ́n pe ara wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ti Oxford gba dánfó àti ọ̀kadà wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó láti ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ojú títì àti gáréèjì ni wọ́n ti wá.

Èyí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Èkó níbi tí wọ́n ti ń kan ara ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni ó ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, owó gbẹ ní Sẹ̀mẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ sì tú ká. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó padà. Àwọn méjì yòókù ń gun ọ̀kadà títí di òní.

Ọjọ́ kìíní tí a bẹ̀rẹ̀, mo gbé pákó kan sílẹ̀, mo sì sọ fún ọmọṣẹ́ náà pé kí ó gé e sí méjì. Bàbá gbójú sókè, ó ní, “Ọmọ mi, ẹran ni à ń gé. Ṣé kí ó rẹ́ ẹ ni, àbí kí ó là á?”

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ ẹlòmíràn lédè! Òtítọ́ ni pé “gé” kì í ṣe àṣìṣe lẹ́nu ará ìlú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Bàbá, bí ayùn bá gba ìbú pákó kọjá, ó rẹ́ ẹ nìyẹn; bí ó bá tọ òòró rẹ̀ lọ, ó là á. Ẹni tí ó bá gé e lásán kò tíì sọ ohun tí ó fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo bí èdè wa ṣe ń ṣiṣẹ́: a fá igi, irin iṣẹ́ náà di ìfági; a la igi, ibi tí a ti ń ṣe é di ibi ìlagi; a gbẹ́ ọnà, oníṣẹ́ náà di gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé lè ka “gbẹ́nàgbẹ́nà” lábẹ́ àwòrán nínú ìwé. Ẹ fi ìfági hàn wọ́n, kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pákó náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Mo ra pláíwúùdù nítorí ìwọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró, èyí tí ó bá ilẹ̀ ahéré náà mu láìrẹ́ nǹkan kan dànù. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé omi kò lè ràn án. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan ni ó tú u láṣìírí: etí rẹ̀ wú, awẹ́ rẹ̀ ń ṣí bí ojú ewé ìwé. Bàbá kò bá mi wí. Ó kàn fi ìka kan ibi tí àtè ti jẹ̀bẹ̀, ó ní àtè tí kò bá lè gba omi, kò gbọdọ̀ wà níta. Ilẹ̀ àti òrùlé ni a tú, tí a fi pákó gidi rọ́pò. Pákó tútù tún ń sún kì bí ó bá ti ń gbẹ, àlàfo a sì yọ. Nítorí náà a tò ó lábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ìṣó lásán kò sì wúlò létí òkun, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin. Ìṣó tí wọ́n fi síǹkì bò ni a lò.

Nígbà tí mò ń wá àlàyé kiri nínú ìwé àwọn òyìnbó, mo rí “iroko” níbẹ̀, mo sì rí “afara”. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni àwọn oníṣòwò igi káàkiri àgbáyé ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti wọ ọjà tán, mo sì ní kí wọ́n fún mi ní “hard wood”. Ta ni ó pàdánù nínú àwa méjèèjì?

Ó wá ku orúkọ. Mo ti ronú lọ, mo ti ronú bọ̀. “Tírélà” kò ṣeé lò, nítorí ọkọ̀ àjàgbé ńlá tí ó ń kó ẹrù kọjá ní ẹnubodè ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. “Àgọ́ onítáyà” àti “ahéré onítáyà” dára nínú ìwé. Ọjọ́ kan ni ọmọṣẹ́ náà kígbe láti inú rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ bá mi na òòlù yẹn sínú ìkarahun!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbín kì í lọ àjò kí ó fi ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, gbogbo àdúgbò sì ti ń pè é ní Ìkarahun. Mo fi àgọ́ onítáyà mi sínú àpò.

Mo mọ àtakò tí ó lè jẹ yọ. Ẹnì kan lè wí pé kò sí ẹni tí ó lè sùn lẹ́bàá títì lóde òní. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a gbé sójú ọ̀nà rí. Àárín ọjà tí ọdẹ ń ṣọ́ ni ó ń gbé e sí. Bákan náà ni n kò gbà kí ẹnikẹ́ni dáná èédú nínú rẹ̀, nítorí gáàsì èédú ń pani lójú oorun láìrùn. Ihò atẹ́gùn méjì ni a dá sí i. Ẹrù rẹ̀ sì gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú táyà díẹ̀; bí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn ọkọ̀.

Àtakò kejì ni ó dùn mí jù: pé kí ni èyí kan àṣà? A ti sọ àṣà di ohun tí a ń wọ̀ lọ sí òde àríyá, a sì sọ èdè di òwe àti oríkì nìkan. Mo fẹ́ràn òwe, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí kò bá lè sọ bí a ṣe ń so táyà mọ́ pákó, àlejò ni yóò dà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bọ̀lẹ́kájà ti lọ. Mọ́lúè tí ó tẹ̀lé e náà ti di ìtàn. Wọ́n lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀, a sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ. Àwa tí a pe ara wa ní olólùfẹ́ èdè ni mo ń bá wí, èmi pàápàá sì ni ẹni àkọ́kọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ìsinmi tí ó ń bọ̀ yìí, ẹ mú ìwé àti kálámù lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan, tàbí alágbẹ̀dẹ, tàbí ẹni tí ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà. Ẹ má ṣe béèrè pé “Kí ni wọ́n ń pe èyí ní Yorùbá?” Ẹ bá wọn gbé pákó, ẹ ó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógójì ni ó wà nínú ìwé kékeré mi báyìí, mẹ́sàn-án nínú wọn kò sì sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ní nílé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó wá ku ti gbénugbénu. Bàbá ti ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì ti sọ pé Ìkarahun ni iṣẹ́ ńlá tí òun yóò ṣe kẹ́yìn. Gbénugbénu, àwa ni.

Ire o.