Ẹja Kan, Íńṣì Méjìdínlógún

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ni a fẹ́ sọ, àti ẹja inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Odò kékeré tó ń ṣàn kọjá ní Riverdale Park, Northeast Branch ni orúkọ rẹ̀. Tó bá dé Bladensburg, ó máa ń pàdé Northwest Branch, àwọn méjèèjì á wá di odò Anacostia. Anacostia wọnú Potomac, Potomac wọnú Chesapeake Bay, Chesapeake sì wọnú òkun Àtìláńtíìkì. Òkun yìí kan náà ló wà létí Èkó, Badagry àti ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n ti bí mi, ní Ìgbókòdá. Bàbá mi ń fi àwọ̀n pẹja, màmá mi ń yan ẹja tà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé kì í kọ́ ẹja pípa nínú ìwé. Inú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló ti ń kọ́ ọ. A sì tètè mọ̀ pé omi tó ń bọ́ni lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó létí òkun lọ́dún 1947, òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé wọn lọ.

Ní Sátidé kan nígbẹ̀yìn oṣù Kẹfà, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ sí Sandy Point State Park, nítòsí Annapolis. Kò tó wákàtí kan láti Riverdale Park. Ẹ tètè jí o, torí pé tí ọgbà náà bá ti kún nígbà ooru, wọn kì í gba mọ́tò wọlé mọ́. Èmi ní láìsẹ́ńsì, ọmọ mi ò nílò rẹ̀, torí pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kì í gbà á ní Maryland. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, ọjọ́ mẹ́ta ló wà lọ́dún tí gbogbo ènìyàn lè pẹja láìní láìsẹ́ńsì: Sátidé méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà, àti ọjọ́ kẹrin oṣù Keje.

A fi ekòló omi iyọ̀ ṣe ìdẹ. Òjé ló ń fa okùn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹja ti ń jẹun. Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní spot ló kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni croaker, èyí tó ń ké kùọ̀kùọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra croaker lọ́jà, igbe rẹ̀ yìí ló fún un lórúkọ. Inú ọmọ mi dùn, ó ní, "Dádì, ó ń bá wa wí!"

Nígbà tó kù díẹ̀ ká máa lọ, ọ̀pá ìwọ̀ mi tẹ̀ kọdọrọ. Rockfish ni, ẹja abìlà tó jẹ́ ẹja ìpínlẹ̀ Maryland. Mo fà á wá sétí omi, mo tẹ́ ẹ sórí rúlà, mo ní, "Ó ti tó. Èyí ni a ó fi se ọbẹ̀ lálẹ́ òní."

Ọmọ mi tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka ka rúlà náà ní Yorùbá. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún." Ó wò mí lójú. "Dádì, méjìdínlógún ni. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n sọ."

Kí n má purọ́ fún yín, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹni tó ń wò wá. Íńṣì kan péré! Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń wò mí. Mo rọra yọ ìwọ̀ náà, mo sì dá ẹja padà sómi.

Láti ọdún 2024, òfin Chesapeake ni pé rockfish kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú lọ sílé lójúmọ́, kó gùn ní íńṣì mọ́kàndínlógún sí mẹ́rìnlélógún. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe sọ ọ́: ẹyọ kan dín nínú ogún, dé mẹ́rin lé lórí ogún. Ẹni tó bá ti mú ogún lọ́wọ́, kò ní gbàgbé òfin náà. Èyí tó kéré, kó lọ dàgbà. Èyí tó tóbi jù, abo tó ń yé ẹyin púpọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí òfin náà kò ṣòro: láti ọdún 2019 ni ọmọ rockfish tí wọ́n ń kà nínú Chesapeake lọ́dọọdún ti kéré sí bó ṣe yẹ. Nígbà tí omi bá gbóná jù, èyí tí a dá padà pàápàá lè kú, nítorí náà wọ́n máa ń ti ẹja náà pátápátá fún ìgbà kan nínú ooru. Ẹ wo òfin tọdún yìí kí ẹ tó jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi pè láti ilé. Ọmọ mi kúnlẹ̀ síwájú fóònù, ó kí i. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti kí i tán, á ti gbé fóònù padà fún mi. Màmá béèrè pé, "Ẹja mélòó lẹ pa?" Mo sọ ti ẹja tí a dá padà. Wọ́n pariwo: "Ẹ dá ẹja padà sómi? Ṣé ebi ò pa yín ni?"

Kí n tó lanu, ọmọ mi ní, "Ó kéré ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kó bímọ ná."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bàbá bàbá ẹ náà kì í mú akàn tó bá gbé ẹyin." Ọmọ mi béèrè pé kí ni akàn. Ni ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, èmi kò sì rí fóònù mi gbà.

Ẹ̀yin òbí, tútù la ti ń ká ẹja. Tó bá gbẹ tán, kò ṣeé ká mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé èrò lọ pẹja wà ní Chesapeake Beach. Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ. Tí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò létí omi kíá.

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí: ìwọ̀, ìdẹ, òjé, àwọ̀n, akàn, ìpẹ́, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ.

Iṣẹ́ ilé: Ẹ pe àgbàlagbà kan nílé. Ẹ béèrè ẹja tí wọ́n fẹ́ràn jù nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àti ẹni tó máa ń pa á. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún, kí ẹ sì mú un wá nígbà tí a bá wọlé.