Òdòdó Orí Àpáta Kì í Ṣe Koríko Lásán

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Láti Tube níhìn-ín títí dé Ìlaròó àti Ayétòrò, tipa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ kọjá lójú wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n rọra fọ́ àpáta, èsì kan náà ni: “Kí ló wà lórí òkúta? Koríko lásán!” Irọ́ ni o.

Ní 1957, P. W. Richards tẹ ìwádìí jáde lórí ewéko òkè Ìdànrè. Ní 1964, D. J. Hambler ṣe ti àwọn àpáta ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àlejò gun òkè wa, ó ka ewéko ibẹ̀. Àwa onílé ní kò sí nǹkankan. Ṣé kò tini lójú?

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Utricularia. Ó kéré, kò ní gbòǹgbò. Ilẹ̀ orí àpáta fẹ́lẹ́, kò lọ́ràá, nítorí náà àpò tín-ń-tín ló fi ń mú ẹranko wíwẹ́ inú omi jẹ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tó wà lórí àpáta kì í lò ju àkókò òjò kan lọ. Òjò dé, ó hù. Kí omi tó gbẹ, ó ti tanná, ó ti so, ó ti fọ́n irúgbìn, ó kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àpáta gbóná bí agbada, irúgbìn yẹn nìkan ló kù fún ìran rẹ̀.

Ẹni tó gé igi lè gbin òmíràn. Ẹni tó fi dáínámáìtì fọ́ àpáta ńkọ́? Níbo ni yóò gbin òdòdó yìí sí?

Wọn á ní a nílò òkúta fún ilé àti títì. Òótọ́ ni, inú ilé alámọ̀ kọ́ lèmi náà ń gbé. Àmọ́ ṣé gbogbo àpáta ni a ó fọ́ tán? Òfin ti wà láti 1992 pé kí a yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò bà jẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gun àpáta lásìkò òjò! Ẹni tó lọ lóṣù kejì ọdún, kí ló fẹ́ rí? Yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé òfìfo ni, wọn á sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbá kò gbàgbé pé Olúmọ ni ààbò àwọn baba wọn nígbà ogun. Àpáta tó bo ènìyàn ló ń bo òdòdó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń buwọ́ lùwé àṣẹ, ẹ kọ́kọ́ gun òkè náà. Àpáta tí a bá fọ́, kò sẹ́ni tó lè tò ó padà.