Ọmọ Onílẹ̀ Kì í San Ìṣákọ́lẹ̀

Òfin tó ní kí ọmọ Ghana sanwó fún ìjọba kó tó lè fi orin àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, òfin ìnilára ni. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2005, Òfin 690, ni mò ń wí. Ó fi orin àbáláyé sábẹ́ àṣẹ Ààrẹ títí láé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọba, kó sì san owó lé e.

Bí ọ̀dọ́ kan ní Race Course ní Kumasi bá fẹ́ fi ohùn jìtá orin àbáláyé “Yaa Amponsah” ti orin hiplife rẹ̀ lẹ́yìn, ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ òun náà. Simon lo ohùn yẹn nínú “Spirit Voices” ní 1990. Ghana béèrè owó, ó sì san án. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò tó dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ta ló wá gbọ́ ọ rí pé ọmọ onílẹ̀ ń san án lórí oko baba rẹ̀?

Kwame Asare àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Kumasi Trio, ló gba “Yaa Amponsah” sínú àwo ní London ní 1928. Ọwọ́ atukọ̀ Kru kan, ará Liberia, ni Asare ti kọ́ jìtá. Àìmọye olórin highlife ló sì ti gbé orin tiwọn ka orí ohùn náà. Ká ní òfin yìí ti wà nígbà náà, mélòó nínú wọn ni ì bá rówó san?

Àwa náà rí irú rẹ̀ nílé. Wéré tí wọ́n fi ń jí aláàwẹ̀ sí sààrì ni Àyìndé Barrister sọ di fújì, kò sì sanwó fún mínísítà kankan. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 1988, tí òmíràn ti rọ́pò báyìí, mọ èyí nígbà tirẹ̀: ó dáàbò bo àṣà àbáláyé, síbẹ̀ ó fàyè gba ẹni tó bá yá nínú rẹ̀ bó ti yẹ láti fi dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn òfin Ghana ní owó náà ni wọn yóò fi tọ́jú àṣà. N kò gbà. Lílò ló ń tọ́jú orin. Èyí tí ọ̀dọ́ bá ń sá fún nítorí owó àṣẹ, ó ti ń kú lọ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ mi bojú jalè o. Orin tí a mọ ẹni tó kọ ọ́ yàtọ̀. Nígbà tí Obrafour, olórin Ghana, pe Drake, olórin ráàpù, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2023, pé ó lo ohùn inú “Oye Ohene” láìgbàṣẹ, ẹ̀yìn Obrafour ni mo wà. Òógùn ojú ẹni kan nìyẹn. Òfin fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ín, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìdílé, kí wọ́n má tà á fún ìdílé. Kí àwọn aṣòfin ní Accra yọ ọmọ Ghana kúrò nínú owó orin àbáláyé, kí wọ́n fi ti àlejò sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí àlejò bá san ra jìtá sí ilé ẹ̀kọ́.