Orúkọ Mẹ́ta Nínú Àpótí Kan: Ìperí àti Ìyípadà Orúkọ Lórí Ojú Òpó Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́

Nígbà tí apá kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, tí apá kejì sì tẹ̀ lé e ní 1990, ohun tí ó jẹ àwọn tí ó ṣe é lógún ni pé kí olùkọ́ lè fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ láìjẹ́ pé ó ń yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ náà tó gbé yangàn. Ṣùgbọ́n ní òde òní, kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni ọmọ Yorùbá ti ń bá ìperí pàdé. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń bá a pàdé, níbi tí kò sí olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé, tí ìperí tí kò bá yanjú sì ń gba àkókò lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó tilẹ̀ lè gba orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ìperí yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà lórí Facebook, Instagram tàbí X (tí ń jẹ́ Twitter títí di oṣù keje ọdún 2023) lè ṣe é títí kí ó má ṣeé ṣe. Ojú òpó náà yóò dá a lóhùn pé orúkọ náà kò ṣeé lò, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ yékéyéké. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtọ́nisọ́nà ní Yorùbá láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè dá kún wàhálà náà láìmọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, orúkọ, ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra pátápátá, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ní ìperí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún.

Èkíní ni orúkọ tí ó máa ń hàn gàdàgbà lókè ojú-ewé ẹni, tí ọ̀rẹ́ fi ń dá ọ̀rẹ́ mọ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jẹ́ ẹ, kò sí ìjà. Lórí X, ó lè gùn tó lẹ́tà 50, ó sì ń gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Èkejì ni èyí tí àmì @ sábà máa ń ṣáájú, tàbí tí ó máa ń wà nínú àdírẹ́sì ojú-ewé náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè ni ín lórí ojú òpó kan. Lórí X kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ, kò sì gba ohunkóhun bí kò ṣe lẹ́tà A sí Z ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ḿbà àti ìlà ìsàlẹ̀. Facebook náà kò gbà ju lẹ́tà, nọ́ḿbà àti àmì ìdánudúró lọ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta kì í hàn sí gbogbo ayé rárá. Òun ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ máa ń béèrè nígbà tí ó bá fura sí ènìyàn, tàbí nígbà tí onítọ̀hún bá ń fẹ́ àmì ìjẹ́rìí.

Bí ìtọ́nisọ́nà bá wá sọ pé, "Tẹ orúkọ rẹ tuntun síbí," níbo ni ibí náà wà? Obìnrin tí ó ń jẹ́ Ṣọlá, tí ó tẹ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí kejì, tí wọ́n sì dá a padà, yóò yọ kíkán abẹ́ lẹ́tà kúrò, yóò tún un tẹ̀, yóò sì wọlé. Ohun tí ó kọ́ nínú ìyẹn ni pé Ṣọlá kò dára, Sola ni ó dára. Ó sì lè padà lọ sí àpótí àkọ́kọ́, tí kò ní ohunkóhun lòdì sí Ṣọlá, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ orúkọ náà láṣọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olùkọ́ tí ó ti lo ọdún gbọọrọ láti fi àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kọ́ni kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé àdánù yìí fún wọn. Ilé-iṣẹ́ kò kọ orúkọ náà. Àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dábàá "orúkọ ìnagijẹ" fún èkejì yìí. Kò bá a mu. Ìnagijẹ ni orúkọ tí ẹgbẹ́ ẹni, ìyàwó ilé tàbí ará àdúgbò fi ń peni nítorí ìrísí tàbí ìwà, bíi Adúmáadán, Ìbàdíàrán àti Eyínfúnjowó. Adúmáadán mẹ́ta sì lè wà ní agbo ilé kan. "Orúkọ oníṣe" tí wọ́n ń lò lórí Wikipedia Yorùbá sàn ju ìyẹn lọ, nítorí pé oníṣe ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ń lo ojú òpó náà. Síbẹ̀, kò sọ ohun tí ó ya orúkọ náà sọ́tọ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe orúkọ, àdírẹ́sì ni. Adébáyọ̀ lè pọ̀ bí eèrà ní àdúgbò kan, ṣùgbọ́n ojúlé kan kì í ṣe ti ilé méjì. Nítorí náà, "orúkọ-ojúlé" ni ìperí tí ó tọ́ sí i. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí kò fi gba àmì ohùn. Àwọn tí ń kọ nọ́ḿbà sí ara ògiri ilé kì í kọ oríkì onílé mọ́ ọn. Ìperí náà tún ṣàlàyé ohun kan tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: bí ènìyàn bá kó kúrò ní ojúlé kan, ẹlòmíràn lè kó wọ ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi àdírẹ́sì àtijọ́ wá a kò ní bá a.

Fún èkíní, "orúkọ-ìpè" tó. "Orúkọ ìfihàn" kò burú, àfi pé ọkàn ọ̀pọ̀ Yorùbá yóò sáré lọ sí ìwé tí ó kẹ́yìn Bíbélì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara "jẹ́ orúkọ," kí ó kọ́kọ́ pè é sókè kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má ba à di pé orúkọ-àjẹ́ ni ó gbé fún àwọn ènìyàn. Fún ẹ̀kẹta, "orúkọ inú ìwé" ni àwọn ará ìlú ti ń wí tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Èyí tí ó léwu jùlọ nínú àwọn ìtumọ̀ ni "orúkọ gidi." Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Facebook ti àkáǹtì òǹkọ̀wé Salman Rushdie pa. Wọ́n béèrè ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n rí i pé Ahmed ni ó ṣáájú níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ó máa jẹ́ Ahmed Rushdie, orúkọ tí kì í lò. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó pariwo wọn lórí Twitter ni wọ́n dá Salman padà fún un. Ní 2014 àti 2015, àwọn kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Lakota àti ọmọ Kiowa wà lára wọn, bá ara wọn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn nítorí pé orúkọ ìdílé wọn jọ orúkọ àfọwọ́dá lójú ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015 ni Facebook kéde pé àwọn yóò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àyè láti ṣàlàyé ipò rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ń peni lójoojúmọ́. Bí baálé kan bá jẹ́ Joseph nínú ìwé, tí gbogbo ìlú sì ń pè é ní Àkànní, èwo ni ayédèrú nínú méjèèjì? "Gidi" ti sọ ọ̀kan di irọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́jọ́. "Orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́ sí" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Òfin mìíràn tún wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ lè pa ni lẹ́rìn-ín. Facebook kò fẹ́ kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tàbí àpólà rọ́pò orúkọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí yé. Ní Yorùbá, ta ni orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀? Gbólóhùn odidi ni Babátúndé. Ẹ̀bẹ̀ ni Málọmọ́ àti Dúrójayé, tí wọ́n ń sọ àbíkú. Bí atúmọ̀ bá kọ ọ́ pé, "Má ṣe lo gbólóhùn gẹ́gẹ́ bí orúkọ," ó ti fòfin de ìdajì ìran Yorùbá lórí ìlà kan. "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ": ó yẹ kí atúmọ̀ wo ilé tí òfin ń wọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí òfin náà ń wí ni pé kí ènìyàn má ṣe lo ohun tí a kì í sọ ọmọ ènìyàn. Ti àpèlé oyè rọrùn ju èyí lọ: Olóyè, Àlhájà, Ìyá Ìjọ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ ṣáájú orúkọ níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó dun àwọn tí ó ṣe wàhálà kí wọ́n tó gbà á. Kí ìtọ́nisọ́nà sì fi kún un pé Oyèwọlé kì í ṣe oyè.

Ibi tí ó ti ń ná ènìyàn ní ọjọ́ púpọ̀ ni "orúkọ àkọ́kọ́" àti "orúkọ ìkẹyìn." Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, orúkọ bàbá ni ó sábà máa ń ṣáájú. Ẹni tí ó ti dáhùn sí Adéyẹmí Táíwò láti kékeré yóò fi Adéyẹmí sí àpótí àkọ́kọ́ láìbẹ̀rù, ojú òpó yóò sì tò ó sódì. Bí ó bá fi ìkánjú tún un ṣe, tí ó sì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, Facebook kò ní gba ìyípadà mìíràn títí ọjọ́ 60 yóò fi pé. Instagram kò gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ọjọ́ 14. "Orúkọ ìdílé" ti yanjú ọ̀kan. Fún èkejì, "orúkọ àbísọ" ni ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n Táíwò fúnra rẹ̀ yóò ṣàròyé, nítorí pé àmútọ̀runwá ni tirẹ̀. "Orúkọ ara ẹni" gba àwọn méjèèjì.

Ní ti lẹ́tà, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ḿbà tiwọn nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ḿbà, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń to àmì ohùn lé wọn lórí. Nítorí náà Olúwafúnmiláyọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà 14 lójú akọ̀wé, lè jẹ́ 15 lójú kọ̀ǹpútà, ó sì lè di 19 bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to gbogbo àmì rẹ̀. Ẹni tí ó fi igi kékeré sábẹ́ ọ dípò kíkán ti kọ lẹ́tà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wá a títí kí ó má rí i. Àwọn mìíràn a máa yá lẹ́tà alárà lọ́dọ̀ àwọn onímáàtì tàbí àwọn ará Rọ́ṣíà láti fi ṣe orúkọ lọ́ṣọ̀ọ́, Facebook kò sì fẹ́ kí lẹ́tà èdè púpọ̀ pọ̀ mọ́ra nínú orúkọ kan. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ó fi bọ́tìnì Yorùbá tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó má ṣe dà á kọ láti ibòmíràn.

Ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ ọkọ, àti ẹni tí ó pa Ifá tì tí ó fi Olú rọ́pò rẹ̀, ti mọ ọ̀nà kóòtù àti ìwé ìròyìn: ìwé ìbúra, ìpolówó kékeré tí ó ń sọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun, àti ìkìlọ̀ pé gbogbo ìwé ìṣáájú ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlànà yẹn gba orúkọ méjì mọ́ra nínú gbólóhùn kan. Ojú òpó kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń wo káàdì. Ohun tí ó wà lórí káàdì ni ó ń wò. Lórí ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nínú ìwé ìrìnnà, lẹ́tà A sí Z nìkan ni ó wà, kò sí ṣ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé gbe orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ yí ìwé náà padà kí ó tó fọwọ́ kan àkáǹtì.

Ó ku èsì tí ojú òpó ń fọ̀ nígbà tí kò bá gbà. "Orúkọ yìí kò tọ́" ni atúmọ̀ yóò kọ bí wọ́n bá fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i láìfi àpótí tí yóò jókòó sí hàn án. Ní Yorùbá, èébú ni, kò sì kan ọmọ nìkan, ó kan bàbá tí ó sọ ọ́. Kí atúmọ̀ béèrè àpótí náà kí ó tó kọ ohunkóhun, kí ó sì ní ìlà ọ̀tọ̀ fún ìdí kọ̀ọ̀kan: "Orúkọ-ojúlé kì í gba àmì ohùn." "Ọjọ́ 60 kò tíì pé láti ìgbà tí ẹ ti yí orúkọ-ìpè yín padà." "Orúkọ-ìpè yìí yàtọ̀ sí orúkọ inú ìwé yín." "Ẹlòmíràn ti wà ní ojúlé yìí." Ẹni tí ó bá ka ti ìkẹyìn yìí mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó bú òun, ojúlé mìíràn ni yóò wá.