Ẹ Yé Dá Ìka Lẹ́bi: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sí àgbàlagbà Yorùbá tí yóò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ èyí fún òun: ọ̀rọ̀ kì í tán síbi tí ojú rí i dé. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ sọ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó gbéṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó kọ ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn, èyí tí wọn yóò máa fi ṣàkọsílẹ̀ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń dá àti èyí tí wọ́n ń yá. Láìpẹ́ yìí, akọ̀wé wọn kọ owó tí wọ́n yá ìyá elélùbọ́ kan sínú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì "Fi Pamọ́". Kọ̀ǹpútà ò fọhùn. Ó tún un tẹ̀, kò fọhùn. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó lópin oṣù, gbèsè kan ti di mẹ́ta lọ́rùn ìyá elélùbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò ṣí kóòdù rẹ̀ wò, kò béèrè ohun tí akọ̀wé rí lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má bínú o, mà, ọwọ́ yín ló yá jù. Ẹ̀ẹ̀kan là á tẹ̀ ẹ́." Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gbà á gbọ́, wọ́n sì fún akọ̀wé ní ìwé ìkìlọ̀.

Mo sọ ọ́, mi ò sì ní kó o jẹ: ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Bọ́tìnnì ni ẹ̀fà tí gbogbo wọn rí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ló wà lẹ́yìn bọ́tìnnì? Ẹni tó bá ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, ìbáà jẹ́ ní Pólì Abraham Adesanya ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ìbáà jẹ́ nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fídíò, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá Tkinter pàdé, torí inú Python gan-an ló ti ń bá a wá. Orí Tk, iṣẹ́ ọwọ́ John Ousterhout ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e kà. Tkinter yìí la fi ń ya wíńdò, àpótí ìbéèrè àti bọ́tìnnì pẹ̀lú kóòdù lásán. Bọ́tìnnì tí ẹ rí yẹn, àwòrán ni. Ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni okùn tí a so láti ara rẹ̀ lọ sára function kan, ìyẹn ìdìpọ̀ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan.

Ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń gba orí okùn yẹn. Mainloop lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ pé ìka ti kan bọ́tìnnì, òun ló ń lọ jíṣẹ́ fún function, òun náà ló ń tún ojú wíńdò kùn. Bí function bá wá ní òun fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìránṣẹ́ yìí ni yóò dúró tì í títí ọ̀rọ̀ fi máa parí. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń fà, ìránṣẹ́ ò sí nílé nìyẹn: wíńdò á gan pa, àwọ̀ bọ́tìnnì ò ní yí padà, ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ á rò pé kò gbọ́. Ìka tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta kò sọnù o. Ó tò sórí ìlà, ó ń dúró. Bí ìránṣẹ́ bá ti dé, yóò jẹ́ gbogbo iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ọ̀kan. Bí gbèsè kan ṣe di mẹ́ta nìyẹn. Akọ̀wé ò ṣe ju ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe bí a bá kanlẹ̀kùn tí a ò gbọ́ ohùn.

Ibi tí mo ti rí àléébù ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù nìyí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà pé wíńdò ń gan, àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọn á ti bọ́tìnnì pa ní ìlà àkọ́kọ́ nínú function, wọn á sì ṣí i ní ìlà tó kẹ́yìn. Asán ni. Láàárín ìgbà tí function yẹn ń ṣiṣẹ́, ìránṣẹ́ ò sí nílé láti rí i pé bọ́tìnnì ti tì. Ìgbà tó bá padà dé ni yóò ka àwọn ìka tó wà lórí ìlà, nígbà yẹn bọ́tìnnì ti tún ṣí, yóò sì gba gbogbo wọn wọlé. Àtúnṣe gidi ni pé kí a gbé iṣẹ́ tó ń pẹ́ fún thread mìíràn, ìyẹn òṣìṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìránṣẹ́ yẹn, kí mainloop máa fi àṣẹ after yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè bóyá ó ti parí, kí bọ́tìnnì má sì ṣí àfi ìgbà tí èsì bá dé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ibi tí à ń kó àkọsílẹ̀ sí má gba nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì láéláé, bó ti wù kí ìka pọ̀ tó.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kékeré kan lásán ni mo ń sọ. Ní Dalmellington, ìlú kékeré kan ní Scotland, lóṣù Kẹwàá ọdún 2015, obìnrin kan tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ gba £8,000 wọlé sórí Horizon, ètò tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ṣe fún Post Office. Ojú kọ̀ǹpútà gan. Ó tẹ Enter, ó tún un tẹ̀ léraléra. Lábẹ́lẹ̀, Horizon ń kọ owó náà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, láìfi nǹkan kan hàn án. Ìwé fi hàn pé £32,000 ló wọlé, £24,000 tí kò sí níbì kankan sì di ohun tí wọ́n ń wá. Láti ọdún 1999 títí di 2015, àwọn olùtọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí owó tí Horizon ní ó sọnù lé ní 900. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Adájọ́ Fraser tó là á mọ́lẹ̀ pé àléébù wà nínú ètò náà, ọdún 2024 sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó pa ẹjọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́. Ohun tí Post Office ti ń sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ètò ò ní àléébù, àwọn ni kí wọ́n wá ibi tí owó wọlé sí. Ìlú tó ní adájọ́, tó ní lọ́yà, tó ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà, orí ẹ̀fà ni wọ́n dúró sí fún odidi ogún ọdún.

Àwọn àléébù mìíràn tún wà tí mo ń rí lójoojúmọ́. Ẹ wo ìlà kan yìí:

Button(w, text="Fi Pamọ́", command=fi_pamo())

Àkámọ́ méjì tó wà lẹ́yìn fi_pamo ló ba ilé jẹ́. Nítorí wọn, Python á ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀ tí wíńdò ń ṣí, kí ìka kankan tó débẹ̀. Ohun tí function dá padà, tó sábà máa ń jẹ́ òfo, ni yóò sì so mọ́ bọ́tìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ di alẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ yọ àkámọ́ náà kúrò, ó ti tán.

Èyí tó burú jù ni ti àṣìṣe tí a gbé pamọ́. Bí function tí bọ́tìnnì pè bá kọsẹ̀, Tkinter kì í ti wíńdò pa. Ó kàn máa ń kọ àṣìṣe náà sí ojú ìlà àṣẹ, wíńdò á sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé alààfíà ni. Nígbà tí wọ́n bá wá di ètò náà fún ọ́fíìsì lọ́nà tí ojú ìlà àṣẹ ò fi ní hàn mọ́, àṣìṣe ń ké, kò sétí tó gbọ́ ọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ except: pass, ìyẹn ni pé kí ètò gbé àṣìṣe mì kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò mọ bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ ṣe tún lè dìde ní ìpàdé kó máa ṣe adájọ́.

Bẹ́ẹ̀ wíwá ìdí ọ̀rọ̀ ò le. Ẹ fi ìlà print kan sórí function náà. Bí ohun tí ẹ ní kó tẹ̀ jáde bá hàn, bọ́tìnnì ti ṣe tirẹ̀, inú function ni kí ẹ wá a lọ. Bí kò bá hàn, okùn ló já. Tkinter tún fún wa ní invoke: kóòdù fúnra rẹ̀ ló máa tẹ bọ́tìnnì, láìsí mouse, láìsí ìka ọmọ ènìyàn kankan. Bí àṣìṣe náà bá tún ṣẹlẹ̀, ta la fẹ́ sọ pé ọwọ́ rẹ̀ yá jù? Bí invoke bá sì ṣiṣẹ́ tí mouse ò ṣiṣẹ́, ẹ lọ wò ó bóyá àpótí ìbéèrè kan ló fara pamọ́ sẹ́yìn wíńdò, tó fi grab_set gba gbogbo ìtẹ̀ mọ́ra.

Ẹnì kan á ní, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀kútẹ̀ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Bọ́tìnnì tí kò lè gba ìtẹ̀ kejì láì ba ìwé owó jẹ́, a kò tíì kọ ọ́ tán.

Àwọn àgbà sì ti fi bí a ṣe ń ṣe é lélẹ̀: akátá là á kọ́kọ́ lé lọ ná, ká tó fàbọ̀ wá bá adìẹ wí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí JAMB gbé èsì ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì jáde, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò gba 200, ẹnu gbogbo ayé kọ́kọ́ bọ́ sára adìẹ: wọn ò kàwé, orí fóònù ni wọ́n wà, a ti dí ọ̀nà ìjíwèéwò. Àwọn òbí ò gbà, wọ́n pariwo. Nígbà tí JAMB wá yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n rí akátá. Wọ́n ti yí bí a ṣe ń tú ìbéèrè àti ìdáhùn ká padà, wọ́n sì fi àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn sáfà apá kan, ṣùgbọ́n wọn ò fi í sórí èyí tó ń sin Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ibùdó 157 lọ̀rọ̀ náà kàn: 65 l'Ékòó, 92 ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ló kàn. Ọmọ tẹ ìdáhùn tó tọ̀nà, sáfà mú un ní èyí tó kùnà. Lọ́jọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá JAMB nígbà náà, jáde ní Àbújá, ó jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé, omijé bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n sì tún ìdánwò ṣe fún àwọn ọmọ náà. Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí àwọn kan sí i. Ní tèmi, ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ni mo ń wá lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ ètò fún ará ìlú: ó lé akátá, kò padà wá bá adìẹ jà, ó sì gba ẹ̀bi sọ́rùn.

Nítorí náà, mo kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìka báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ ni mo fàbọ̀ sí. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ̀yin oníléèwé, kì í ṣe ẹwà wíńdò ni kí ẹ fi máa gba ètò lọ́wọ́ ọmọ ẹni. Ẹ ní kó fi fáìlì tí àṣìṣe ń kọ ara rẹ̀ sí hàn yín. Ẹ ní kí bọ́tìnnì máa sọ pé "Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù" kó tó dákẹ́. Kí ẹ tó ka owó tó kù lé e lọ́wọ́, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú rẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yáwó kan, ẹ tẹ "Fi Pamọ́" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tan íntánẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ wá ka iye tó wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ sanwó rẹ̀ pé, kí ẹ sì yìn ín. Bó bá di mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sílé, kó lọ parí iṣẹ́.