Ẹni Tó Ń Ya Òkúta Maya, Onímọ̀ Ni

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ nípa àwọn Maya ayé àtijọ́, àwọn tó fi òkúta kọ́ ìlú ńláńlá sínú igbó Guatemala, Mẹ́síkò àti Honduras, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó darí ìwalẹ̀ ló máa ń hàn gedegbe lójú ìwé. Orúkọ ẹni tó ya ohun tó wà lára òkúta àti ògiri kì í sábà kọjá ìsàlẹ̀ àwòrán, ní lẹ́tà wínníwínní, bí ó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ rárá. Èrò tó wà nídìí àṣà yìí ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ronú, pé ayàwòrán kàn ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí wọ́n bá rán an ni. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ayé ṣe wá mọ ìtàn àwọn ọba Maya fi hàn pé àwòrán yíyà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìwádìí, ó sì yẹ kí á ka ẹni tó ń ṣe é mọ́ àwọn onímọ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ni ìgbésí ayé Tatiana Proskouriakoff, tí wọ́n bí sí ìlú Tomsk ní Siberia ní ọdún 1909. Ìmọ̀ nípa àwòrán ilé ló kà ní Amẹ́ríkà, ó sì gboyè ní 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń kọ́lé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Pennsylvania, ibẹ̀ sì ni awalẹ̀pìtàn Linton Satterthwaite ti mú un lọ sí ìlú Maya àtijọ́ Piedras Negras ní Guatemala ní 1936. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wọn àwókù ilé, kó sì yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣì dúró. Ìwé rẹ̀ lórí ilé Maya jáde ní 1946, èyí tó kọ lórí ère òkúta sì tẹ̀lé e ní 1950. Nínú ìwé kejì yìí, ó to aṣọ, ìyẹ́ orí, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdúró àwọn ènìyàn tí wọ́n gbẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, kó lè fi wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n gbẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ti tẹ̀ lé irú ilà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ló mú un rí ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò rí.

Láyé ìgbà náà, àwọn àgbà ìmọ̀ Maya bíi Sylvanus Morley àti Eric Thompson gbà pé kìkì ọjọ́, ìràwọ̀ àti òrìṣà ni ìkọ̀wé ara òkúta ń sọ. Proskouriakoff ṣàkíyèsí pé ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni àwọn òpó òkúta Piedras Negras wà níwájú ilé, àti pé èyí tó ṣáájú nínú ọ̀wọ́ máa ń fi ẹnì kan hàn tó jókòó sínú ihò kan lókè. Ó ṣírò ọjọ́ tó wà lára ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé kò sí èyí tó gùn ju ọjọ́ ayé ènìyàn kan lọ. Àmì kan tó dà bí orí ọ̀pọ̀lọ́ tó gbójú sókè máa ń bá ọjọ́ tó ṣáájú rìn. Àmì mìíràn, tó dà bí orí tí wọ́n fi ọ̀já dì, máa ń bá ọjọ́ tó dé ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn rìn. Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1960, ó ṣàlàyé pé ìbí ọba ni ti àkọ́kọ́, gígun orí ìtẹ́ ni ti èkejì. Ó tún fi hàn pé obìnrin ni àwọn aláṣọ gígùn kan tí àwọn ẹlòmíràn ti ń pè ní àlùfáà. Thompson fúnra rẹ̀ gbà pé òótọ́ ló sọ.

A lè sọ pé ẹni ọ̀tọ̀ ni Proskouriakoff, pé a kò lè fi òun nìkan gbé iṣẹ́ gbogbo ayàwòrán yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti ayàwòrán ni Linda Schele náà nígbà tó kọ́kọ́ dé Palenque, ìlú Maya àtijọ́ kan ní Mẹ́síkò, ní 1970. Ní 1973, òun àti àwọn olùwádìí Peter Mathews àti Floyd Lounsbury jókòó pọ̀, wọ́n sì to ìtàn àwọn ọba ìlú náà tẹ̀léra. Ọ̀nà kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì gbà: wọ́n yà á, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n wá kà á.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹ̀rọ. Kí la tún fẹ́ fi pẹ́ńsù ṣe nígbà tí kámẹ́rà àti ẹ̀rọ lésà wà? Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Frederick Catherwood, ayàwòrán ará Ìlú Ọba tó bá òǹkọ̀wé arìnrìn-àjò ará Amẹ́ríkà, John Lloyd Stephens, rìn, gbé ẹ̀rọ fọ́tò ìgbà ayé rẹ̀ lọ sí Yucatán ní 1841. Ohun tó jáde kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì padà sídìí àwòrán. Lóòótọ́, ẹ̀rọ òde òní dára ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ ìṣòro òkúta kò yí padà. Òjò ti lù ú fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Kámẹ́rà ń mú ojú ibi tó sán, ewédò àti ilà tí agbẹ́kùúta fà, ó sì ń ka gbogbo wọn sí ọ̀kan náà. Ayàwòrán ló gbọ́dọ̀ pinnu èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, kò sì lè pinnu rẹ̀ láìmọ bí àwọn Maya ṣe ń gbẹ́ ojú, ọwọ́ àti lẹ́tà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkójọ ìkọ̀wé Maya tí Ian Graham bẹ̀rẹ̀ ní Harvard ní 1968 fi ń gbé fọ́tò àti àwòrán síwájú òǹkàwé pọ̀. Ní ìlú Maya Bonampak pẹ̀lú, níbi tí àwọn àwòrán ara ògiri ti wà láti nǹkan bí ọdún 790, fọ́tò infrared ran àwọn ayàwòrán Heather Hurst àti Leonard Ashby lọ́wọ́ láti rí ilà tó ti pòórá lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló so àwọn ilà náà pọ̀ di ènìyàn tó ṣeé dá mọ̀.

Òótọ́ ni pé ọwọ́ lè purọ́. Ayàwòrán Jean-Frédéric Waldeck ya orí erin sáàárín àmì ìkọ̀wé Palenque, bẹ́ẹ̀ kò sí erin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ti kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, a kò sì torí ìyẹn sọ pé ìmọ̀ wọn kì í ṣe ìmọ̀. Yíyẹ̀ ẹ́ wò ni ìwòsàn àṣìṣe. Àwòrán Catherwood, tó fi ìfarabalẹ̀ wọn ohun tó rí, ran Stephens lọ́wọ́ láti sọ pé àwọn ará ilẹ̀ náà ló kọ́ àwọn ìlú wọ̀nyí, kì í ṣe ará Íjíbítì tàbí àlejò mìíràn. Ayàwòrán tó bá ya ilà tó dá lójú yàtọ̀ sí èyí tó ń fojú inú wò ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti já a nírọ́, ohun tí ìmọ̀ sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ayàwòrán Adela Breton fi ọ̀dà ṣe ẹ̀dà àwọn àwòrán ara ògiri Tẹ́ńpìlì Jaguar tó wà ní Chichén Itzá. Púpọ̀ nínú ohun tó rí lórí ògiri yẹn ti ṣá kúrò. Inú ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn, tó wà ní Bristol, ni onímọ̀ òní ti ń wò ó. Bí iṣẹ́ bá ti di ẹ̀rí tí gbogbo ìmọ̀ yòókù dúró lé, kò tọ́ kí ẹni tó ṣe é dúró sí ẹ̀yìn ìwé. Kí orúkọ ayàwòrán wà lára orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, kí owó rẹ̀ wà nínú ìṣirò ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní yunifásítì sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán yíyà bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ilẹ̀ wíwà.