Kòkòrò Oníwo Gígùn àti Òdòdó Begonia: Èwo Ni Kí A Fi Kọ́ Ọmọ?

Nígbà tí a bá ń múra ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí sílẹ̀, òdòdó ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ nà sí. Begonia sì yẹ ní yíyìn: ibi òjìji àti ọ̀rinrin ni ó fẹ́ràn, apá kan ewé rẹ̀ a máa tóbi ju èkejì lọ, síbẹ̀ ó wuni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kòkòrò oníwo gígùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Analeptes trifasciata, kí ni a ó rí?

A ó rí i pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni àwọn méjèèjì. Akọ òdòdó begonia ní lẹ́búlẹ́bú tí oyin ń wá. Abo kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó farajọ akọ tó bẹ́ẹ̀ tí oyin fi ń ṣìnà bà lé e, tí ó sì ń bá a gbé lẹ́búlẹ́bú wá láìgba owó ọ̀yà. Ní ti kòkòrò yìí, a fi ẹnu gé ẹ̀ka kajú yíká, a sì yé ẹyin sí apá tí yóò kú. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ẹ̀ka a wó lulẹ̀, èso a bá a lọ.

Àwọn kan yóò wí pé kí a fi òdòdó kọ́ ọmọ, kí a sì tẹ kòkòrò pa. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ilé ń pọ̀ ní Mowe àti Ibafo lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ní Ìfọ̀ tí ojú irin gbà kọjá; oko sì ń dínkù. Ọmọ tí ó mọ̀ pé inú ẹ̀ka tí ó wó ni àwọn ọmọ kòkòrò ti ń dàgbà yóò ṣa ẹ̀ka náà jọ, yóò sì sun ún kí wọ́n tó jáde. Ọmọ tí ó mọ ewé begonia yà nìkan yóò ré ẹ̀ka náà kọjá.

A kò wí pé kí a kọ òdòdó sílẹ̀. Kí a gbé méjèèjì sórí tábìlì kan, kí ọmọ bèèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: Kí ni ó ń ṣe? Ta ni ó jèrè? Ta ni ó pàdánù? Olùkọ́ tí kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kí ó kọ́kọ́ lọ sí oko.